Àǹtí, Orí Lẹ Ń Kà, Ẹ Ò Ka Ìwà

Àǹtí wa ọ̀wọ́n, alága ìgbìmọ̀ ìrìn àjò ẹbí láìdìbò,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìyọnu wa. Bí kì í bá ṣe tiyín ni, gbogbo wa ì bá ṣì jókòó sí Houston, ká máa wo òkun nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin lẹ kó wa jọ. Ẹ̀yin lẹ bá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi dúnàá-dúrà títí tí òyìnbó fi ń pè yín ní Mọ́mì. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ òkun náà, ẹ̀yin lẹ yàn án. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti kí yín tán o, ní gbangba, kó má baà di pé wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta ni pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò sí ẹbí Yorùbá kan tó ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Galveston, ní Miami tàbí ní Southampton tí kò ní Àǹtí tirẹ̀. Kí tiwọn náà máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìṣirò yín bẹ̀rẹ̀. "Mélòó ni wá? Méjìlá. Mẹ́rin-mẹ́rin, yàrá mẹ́ta. Ó parí." Mo mọ̀ pé owó ló kọ́ yín. Iye tí wọ́n ń kéde, orí ẹni méjì tó jọ wà nínú yàrá ni wọ́n gbé e lé. Ẹni kẹta àti ẹni kẹrin sábà máa ń san owó tó kéré sí i, ẹni tó bá sì dá yàrá gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ san ti èèyàn méjì. Ìdí nìyẹn tí ojú yín fi máa ń tàn yanran bí ẹ bá ti rí yàrá tí wọ́n kọ 4 sí. Ṣùgbọ́n Àǹtí, iye ẹni tó lè sùn ni 4 yẹn. Wọn ò sọ fún yín pé ẹni mẹ́rin lè jọ dìde dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, yàrá inú tí kò ní fèrèsé kì í ju bí ẹsẹ̀ bàtà 150 sí 185 níbùú lóòró lọ, balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ibùsùn méjì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè tì pọ̀ fún tọkọtaya. Ẹni kẹta ń sùn lórí sófà tí wọ́n ń tẹ́ lálẹ́. Ẹni kẹrin ń gun àkàbà lọ sórí bọ́ńkì tí wọ́n ń fà sọ̀kalẹ̀ láti ara àjà tàbí ògiri. Bí wọ́n bá ti tẹ́ sófà, tí wọ́n fa bọ́ńkì, ilẹ̀ tán nìyẹn. Ẹni tí ìtọ̀ bá gbọ̀n lóru á tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ẹni mẹ́ta kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá ẹ̀gbọ́n gbogbo wa, tó ti di bàbá àgbà, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun lẹ wá ní kó gun bọ́ńkì. Nígbà tó ní òun ò lè gùn ún, ẹ ní, "Ṣé ẹ ò gbé bọ́ọ́dìn rí ni?"

Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: orí lẹ ń kà, ẹ ò ka ìwà. Ta ló ń pẹ́ sùn? Ta ló ń tètè jí? Ta ló ń hanrun? Ọmọ ta ló gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án kó má baà da ilé rú? Ẹ ò bi wá léèrè. Ẹ kó Màmá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọge mẹ́ta nítorí pé "obìnrin ni gbogbo wọn". Àwọn ọmọge ń ti ibi ijó dé ní aago kan òru. Ní aago mẹ́rin, Màmá ti dìde, wọ́n ti ń de àwọn ọ̀tá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà látọjọ́ pípẹ́. Wákàtí mẹ́ta péré ni yàrá yẹn fi ń dákẹ́ lójúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣàròyé, ẹ fún wọn lésì tí ẹ máa ń fún gbogbo ayé: "Ṣé oorun la bá wá síbí ni?" Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí, oorun wà nínú ohun tá a bá wá.

Kí n má ṣèké, ibì kan wà tí ẹ ti ṣe é dáadáa. Yàrá inú tí ẹ fún tọkọtaya tó lọ́mọ kékeré dára jù. Bí wọ́n bá ti pa iná, òkùnkùn ibẹ̀ ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ọmọ náà sì sùn dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà níwájú tó ń fi òkun hàn lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá; ẹni tí kò bá ní fèrèsé á tàn án sílẹ̀ láìsí ohùn, ìgbà tó bá mọ́lẹ̀ ló mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà wúlò.

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ló ká mi lára jù lọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ka ibùsùn, ẹ ò ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ rántí alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ múra bí ẹni ń ròde. Dígí kan ló wà nínú yàrá, òmíràn wà ní balùwẹ̀. Ẹnì kan ń we gèlè níwájú dígí yàrá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ na apá ọ̀tún na apá òsì. Ẹnì kejì ń dúró dè é pẹ̀lú gèlè tirẹ̀ lórí èjìká, ó dúró lórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ torí pé ilẹ̀ ò gba àyè. Ẹnì kẹta jókòó lórí ìdérí tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó ń kun àtíkè, kò sì fẹ́ jáde. Ìgbà tí ẹni tó wà lóde ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pàdé ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ẹni tó wà nínú há síbẹ̀. Aṣọ sì ń rún lọ ní tiẹ̀. Ẹ ní ẹ gbé áyọ́ọ̀nù wá. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín ní èbúté, òun àti ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì, èyí tí ẹ fi ìró wé, nítorí pé nǹkan tó lè dáná sun yàrá kì í kọjá níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ kò kà.

Ẹ̀dá èèyàn ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Láti ìgbà Disney Magic ní 1998, àwọn ọkọ̀ Disney ti máa ń pín balùwẹ̀ ọ̀pọ̀ yàrá wọn sí méjì: ọ̀kan ní ibi ìwẹ̀ àti ọpọ́n ìfọwọ́, èkejì ní tọ́lẹ́ẹ̀tì àti ọpọ́n ìfọwọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan ń wẹ̀, ẹnì kejì ń fọ eyín, ìjà ò sí. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ Norwegian Epic ní 2010: wọ́n gbé ọpọ́n ìfọwọ́ wá sáàárín yàrá, wọ́n sì fi gíláàsì tí kò hàn tán gé ibi ìwẹ̀ àti tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀ títí. Tọkọtaya lè fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n èmi ò lè bá àna mi gbé inú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ yìí kò sì le. Dípò yàrá kan tó ní bákónì fún ẹni mẹ́rin, ẹ wo iye yàrá inú méjì tó so mọ́ra. Nígbà míì owó wọn ò jìnnà síra, tọ́lẹ́ẹ̀tì á sì di méjì. Tàbí kí òbí gba èyí tó ní bákónì, kí àwọn ọmọ gba yàrá inú tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹbí á máa wo òkun níbi kan, wọ́n á sì máa sùn níbi méjì.

Àmọ́ bí mo ti sọ pé "tó so mọ́ra" yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ṣe bí ẹ ti ṣe sí Fẹ́mi ẹbí wa àti ìyàwó rẹ̀ ní ìrìn àjò mìíràn. Ẹ ní yàrá àwọn ọmọ wọn "wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn". Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ilẹ̀kùn kankan ò sí láàárín wọn. Yàrá tó so mọ́ra ní ilẹ̀kùn nínú, tí èèyàn lè gbà kọjá láì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé àwòrán ọkọ̀ máa ń fi àmì kékeré sára ògiri tó wà láàárín wọn. Ọ̀sẹ̀ gbáko ni Fẹ́mi fi ń wọ ṣòkòtò alẹ́ rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín òru. Bí ẹ bá sì rí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ má fún ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ àjèjì, torí ilẹ̀kùn yẹn kì í dá ohùn dúró tó ògiri.

Ti àwọn ọ̀dọ́, kíá ni n óò sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 wà ní yàrá láìsí àgbà, àfi bí yàrá òbí bá wà nítòsí. Orí ìwé ni kí ẹ ti tún un ṣe: bàbá ní yàrá kan, ìyá ní èkejì. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kálukú mọ ibi tí òun ń sùn.

Ẹ tún wá fẹ́ràn ẹ̀dínwó kan báyìí, èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń sọ pé, "Ẹ sanwó, àwa la máa bá yín yan yàrá." Wọ́n yàn án lóòótọ́! Wọ́n fi Màmá síwájú pátápátá, wọ́n fi wá sẹ́yìn pátápátá. Àǹtí, ọkọ̀ bíi Harmony of the Seas gùn tó mítà 362. Ẹ ronú sí orúnkún Màmá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ilé oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Iwájú ọkọ̀ yẹn náà ló sì ń lọ sókè sódò jù bí ìgbì bá dé. Àárín gbùngbùn, ní àjà ìsàlẹ̀, lara ti ń rọ èèyàn tí òòyì ń tètè kọ́, níbi tí lífìtì ò jìnnà sí.

Fèrèsé tí ẹ fi wá yangàn ńkọ́? A ṣí kọ́tìnnì, ikùn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà la rí, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dí òkun pa. Wọ́n ti kọ ọ́ sórí ìwé pé nǹkan dí ojú fèrèsé náà, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi jẹ́ pọ́ọ́kú. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2009 tí ọkọ̀ Oasis of the Seas ti jáde, bákónì mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló kọjú sí, ọgbà òdòdó tàbí ibi ìṣeré lẹ máa rí. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn àti máa wo èrò. Bí ẹ bá tún rí "bákónì" lórí ìwé, ẹ bi wọ́n pé kí ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ bá mi wo àjà òkè àti àjà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe àjà tí yàrá wà nìkan. Abẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ fi Bọ̀ọ̀dá sí. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ àga kiri lórí rẹ̀. Ẹni tí kò rí bọ́ńkì gùn kò tún rí oorun sùn. Yàrá tí yàrá mìíràn wà lókè rẹ̀, tí yàrá mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ló ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ irọ́. Wọ́n ní ẹ ti rí i pé yàrá tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tóbi ju tiwa lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, balùwẹ̀ rẹ̀ ò ní ìdènà, ẹ sì fẹ́ kí Màmá máa tiro títí ọkọ̀ á fi gbéra. Àǹtí! Yàrá yẹn ò pọ̀. Ẹni tí kò lè wọ òmíràn ló ni ín. Màmá tó jó láti ìrọ̀lẹ́ mọ́júmọ́ níbi ọjọ́ ìbí yín, èèyàn ní fídíò rẹ̀ lọ́wọ́ o.

Mo rí iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé ká máa mú owó àsansílẹ̀ wá fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kú ìtètèṣe. Yàrá tó ń gba ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń kọ́kọ́ tán, torí iye èrò tí wọ́n lè gbà ní agbègbè ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kọ̀ọ̀kan níye, wọ́n sì lè ní àyè ti tán fún ẹni mẹ́rin nígbà tí yàrá ṣì ṣófo. Tèmi wà nílẹ̀, ó ti wà nínú àpò ìwé. Ẹ fi nọ́ńbà yàrá ránṣẹ́, ẹ fi àwòrán àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí a jọ máa gbé síwájú nọ́ńbà náà. Bí mo bá rí orúkọ Bọ̀ọ̀dá níbẹ̀, ẹ bá mi kí Galveston.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Ẹni tí ẹ fi sórí sófà