Ọ̀rá Ẹ̀gẹ́ Ìjàpá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òkété àti gbogbo ẹranko Abẹ́òkúta.

Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé náà ni wọ́n fi ń di ẹran. Nígbà tó yá, ọ̀rá dé. Kò wọ́n, kò jò, kò sì jẹrà. Ló bá kún gọ́tà Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá. Bí òjò bá rọ̀, omi a wọlé onílé. Àgbàrá oṣù Keje ọdún 2018 tiẹ̀ gbẹ̀mí. Ẹja Àrọ̀ yọrí láti inú odò Ògùn, ó ní ọ̀rá ti gbalé mọ́ òun lọ́wọ́. Ni Erin, ọba wọn, bá pèpàdé.

Òkété, ọmọ inú oko ẹ̀gẹ́, dìde. Ó ní: "Kábíyèsí, mo ti fi ṣitáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe ọ̀rá. Bí ẹ bá kó o sí ààtàn tó gbóná, tó lọ́rinrin, yóò jẹrà. Ẹ má jù ú sódò o, kì í tètè jẹrà nínú omi tútù. Kenya ti fòfin de ọ̀rá láti 2017, Èkó fòfin de ike fóòmù ní 2024. Kí làwa ń retí?"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ewúrẹ́, Ìyálọ́jà Kútọ̀, ló kọ́kọ́ bẹ́ sójú agbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Òkété ní owó rẹ̀ fi náírà 20 ju ti àtijọ́ lọ, kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíótó lẹ́nu. Òkété bá forin bẹnu:

Lílé: Ta ni yóò rọ̀rá ẹ̀gẹ́?
Ègbè: Ẹlòmíì ni!
Lílé: Ta ni yóò fowó kún un?
Ègbè: Ẹlòmíì ni!
Lílé: Ta ló ń dalẹ̀ sí gọ́tà?
Ègbè: Ẹlòmíì ni!

Ewúrẹ́ ní, "Àwọn oníbàárà mi ò ní gbà." Adìẹ ní, "Kíjọba pín in lọ́fẹ̀ẹ́." Ajá ní, "Kí Ìbàdàn kọ́kọ́ dán an wò ná."

Ìjàpá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ra ọ̀rá lásán, ó ya ewé ẹ̀gẹ́ sí i lára, ó ń polówó: "Ọ̀rá ẹ̀gẹ́ rèé, iye tẹ́ ẹ ń rà á tẹ́lẹ̀ náà ni!" Ẹranko ya bò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fi ṣe é. Wọ́n tún wá ń dà á sí gọ́tà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n ní, "Ṣebí ó máa jẹrà?"

Ewúrẹ́ rí àwòrán ewé, ó jẹ ẹ́. Ikùn rẹ̀ wú bí ìlù. Owó oògùn tó san ju àfikún náírà 20 ọdún kan gbáko lọ. Òjò sì dé, ọjà kún, Ìjàpá ti kó èrè sá lọ. Odò Ògùn dá orin:

Lílé: Ta ló ránṣẹ́ pè mí wọ̀lú?
Ègbè: Àwa ni!
Lílé: Ta ló di ọ̀nà mọ́ mi?
Ègbè: Àwa ni!

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé àtẹ́wọ́ kì í tú gọ́tà. Ẹni tó bá kọ̀ láti san owó ohun gidi, ayédèrú ni yóò rà. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rá òun ń jẹrà, ẹ bi í pé kí ló fi ṣe é, níbo ló sì ti ń jẹrà. Bí kò bá lésì, ẹ lọ ra ewé.