Ọ̀gá Oníkàtálọ́ọ̀gì

Bí ẹ bá gbé fóònù tí kò gba iná mọ́ lọ sí ìsọ̀ Ọ̀gá Oníkàtálọ́ọ̀gì ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ yáa wá ibi jókòó. Ọmọ iṣẹ́ ló máa tú fóònù, iṣẹ́ Ọ̀gá ni ìbéèrè: "Ta ní ń jẹ́ Clive Sinclair?" Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ti jẹ gbèsè ìtàn, yóò sì gbọ́ ọ tán kó tó gba fóònù.

Irú Ọ̀gá pọ̀ nílùú. Tàmàlé ní Gánà ló ti kọ́ṣẹ́ rédíò. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Gánà, aṣọ àti abọ́ làwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yòókù rù bọ̀ wálé. Kàtálọ́ọ̀gì ọjà ẹ̀rọ ló kún àpótí tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé èrè àjò wá. Ó ṣí ojú ewé tí àwòrán sípíkà wà hàn án.

Bí Ọ̀gá bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Sinclair, ará Ìlú Ọba tó ta ẹ̀rọ àtòfúnra-ẹni, Lọ́ńdọ̀nù ò jìnnà ju Ìlọrin lọ. Ẹ ó kọ nọ́ńbà ọjà sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ó ra pósítà ọ́dà, ẹ ó fi ránṣẹ́, ẹ ó sì dúró. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, páálí kékeré á dé: résísítọ̀, kapásítọ̀, tìráńsísítọ̀, àti ìwé tó júwe bí ẹ ó ṣe tò wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó jó léèdì títí rédíò á fi sọ̀rọ̀.

Ó mọ ti Amẹ́ríkà náà: Heathkit, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ àtòfúnra-ẹni ní 1947 pẹ̀lú oscilloscope, tó sì jáwọ́ ní 1992. Bó bá dé orí 1992, á ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n Sinclair ni ààyò. Ní 1980, ẹni tó bá máa fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà ZX80 á san pọ́n-ùn 79.95, ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò, 99.95. "Ogún pọ́n-ùn!" Ọ̀gá á pariwo. "Owó ìtìjú ẹni tí kò lè jó léèdì nìyẹn!"

Ẹ má wulẹ̀ bi í pé mélòó ló rà. Lọ́dún 1980, tí náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ, ó ṣì ń ṣa èyí tó dára jù. Ìgbà tó máa fi mú ọ̀kan, oṣù kẹsàn-án 1986 ti dé, SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti gé náírà lẹ́sẹ̀. "SAP ló gba rédíò lọ́wọ́ mi," ló ń wí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Bọ́ọ̀dù Ṣáínà tí wọ́n ti jó pọ̀ délé lọmọ iṣẹ́ ń rà. Bí ó bá bà jẹ́, ó di ààtàn. Ọ̀gá á he é, á wo ìlà ara résísítọ̀ kan: "Búráùn, búláàkì, réèdì. Ẹgbẹ̀rún kan ohm. Èyí nìkan ló kú." Òótọ́ sì ni. Àmọ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú ewé tó wà hàn yín, ibẹ̀ sì loníbàárà ti ń sá lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ọmọ iṣẹ́ ń fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Lálẹ́, òun náà á ṣí fóònù, á máa to ọjà Ṣáínà sínú apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀: mítà tuntun, áyọ́ọ̀nù, sípíkà méjì. Á yọ ọ̀kan, á fi méjì sí i. Títí di òní, kò tíì sanwó ẹyọ kan. Kí Ọ̀gá fọkàn balẹ̀: ó ti rí àrólé.