Rọ́bà, Ọmọ Ọbẹ̀ Ilá

Rọ́bà, sún mọ́ mi díẹ̀. Ó tó, dúró níbẹ̀! Kí o má lọ lẹ̀ mọ́ mi láṣọ.

Ní January 1980, ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé kọ̀ǹpútà HP-85 jáde ní Amẹ́ríkà, owó ẹ̀ sì jẹ́ 3,250 dọ́là. Ojú skírìnì tí à ń wò wà lára ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lára ẹ̀, ibi tí wọ́n ń ki téèpù bọ̀ náà wà níbẹ̀, bí ilé tí yàrá, pálọ̀ àti ilé ìdáná wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ó ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, tí ẹ bá tàn wọ́n, wọ́n á dáhùn. Ta ló wá ń dójú tì í láwùjọ? Ìwọ táyà bíńtín, tí iṣẹ́ ẹ ò ju kí o fara ti téèpù kí o sì máa yí i!

Ká ní àṣekúdórógbó lo ṣe tí o fi yọ́ ni, à bá kí ọ kú iṣẹ́. Èyí tó wà nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, òun náà yọ́! Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń já polyurethane tí wọ́n fi ṣe ọ́ wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí símú lójoojúmọ́ yìí náà ni? Irin dípẹtà, a ṣì mọ̀ ọ́n nírin. Ìwọ di àtè, àtè tí kò lè mú ẹyẹ.

Ẹ̀gbọ́n ẹ inú HP-65 ńkọ́? Ẹ̀rọ ìṣirò àtẹ́lẹwọ́ tó bá ọkọ̀ Apollo re òfurufú lọ́dún 1975 láti pàdé ọkọ̀ Soyuz. Irú táyà tó ń fa káàdì wọ inú ẹ̀ náà ti di ọbẹ̀ ilá. Ìran yín ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún HP-85 ṣe, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo rí yín níbi tí ẹ ti ń fi òwú àti sípíríìtì nu ọ̀rá dúdú, tó kúrò lára irin, tó sì bọ́ sí yín léèékánná. Lẹ́yìn náà ẹ gé rọ́bà sílíkónì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sódò ẹja inú gíláàsì, ẹ fi wọ irin náà bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ olówó gọbọi, ẹja ló wá ń gbà á là! Bí rọ́bà náà bá sì nípọn jù, téèpù á sá bí olè. Bó bá tín-ín-rín jù, á máa wọ́ bí ìgbín.

Ẹ tún un tán, ẹ ki téèpù bọ̀ ọ́, ni okùn inú téèpù fúnra ẹ̀ bá já, pàò! Nítorí kí ni gbogbo làálàá yìí? Bóyá ìṣirò owó-orí ọdún 1982 tó wà lórí téèpù.

Bí ẹ bá ní HP-85 kan nílé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ki téèpù bọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan táyà yẹn. Bí ìka yín bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bá mi kí i.