Àríwísí Láàárín Àwọn Onífọ́tò
Láàárín àwọn onífọ́tò, àríwísí tó ń gbéni ró ni kí ẹnì kan tọ́ka sí àléébù fọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ìyẹn lè tún un ṣe, ìlànà tí gbogbo wọn fọwọ́ sí títí yóò fi kan fọ́tò tiwọn. Onífọ́tò Ansel Adams àti àwọn tí wọ́n jọ dá Group f/64 sílẹ̀ ní California lọ́dún 1932 fi ihò ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà tó kéré jọjọ, èyí tí ń mú kí ohun ìtòsí àti ti ọ̀ọ́kán hàn kedere, sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ. Nígbà tí onífọ́tò mìíràn, William Mortensen, sì fàáké kọ́rí pé fọ́tò tó rí bí àlá ló wu òun, Adams pè é ní Aṣòdì-sí-Kristi, àríwísí tí kò gbé ẹnikẹ́ni ró, ṣùgbọ́n tí kò ṣe bàìbàì rárá.