Reiki, Awonisàn-Máfọwọ́kàn

Reiki o! Reiki, ọmọ Usui!
Awonisàn-máfọwọ́kàn.
Ọwọ́ wà lókè, àìsàn wà nísàlẹ̀, wọn kò pàdé, owó ti wọlé.
Oníṣègùn tí kì í já ewé, tí kì í wa egbò,
tí kì í gún, tí kì í sè, tí kì í sín gbẹ́rẹ́.
O ò ní ìkòkò àgbo, o ò ní abẹ́rẹ́, o ò ní ọmọ odó,
àfi ẹ̀rọ ìgbowó káàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ, mo yí gbiiri. Jẹ́ kí n sọ ìdílé rẹ kí n tó dìde.

A kì í ki èèyàn ká má dárúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni ọ́, ọmọ orí òkè Kurama lẹ́bàá Kyoto. Ní ọdún 1922 ni Mikao Usui, bàbá tó bí ọ, gun òkè náà, tó gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, tó sì gbé ọ sọ̀kalẹ̀ wá sáyé. Orí òkè, ààwẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún: ta ló máa sọ pé o kì í ṣe ará ilé wa? Ká ní Èkìtì ni wọ́n bí ọ sí, o ò bá ti wọ aṣọ funfun, o ò bá sì máa lu agogo. Lọ́dún kan náà ni Usui dá ẹgbẹ́ rẹ sílẹ̀ ní Tokyo. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, tí ilé wó, tí iná jó, tí èèyàn tó ju 100,000 lọ ṣòfò, ó ń lọ káàkiri ìlú, ó ń gbé ọwọ́ lé àwọn tó fara pa. Mo yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó jókòó ti èèyàn lọ́jọ́ tí ilé wó lù ú, èmi kọ́ ni màá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Usui kú ní 1926. Chujiro Hayashi, tó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí, ló gbà ọ́ tọ́. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Hawayo Takata ti gbà ọ́, obìnrin tí wọ́n bí ní Hawaii fún òbí ará Japan, tó gbé àìsàn rẹ̀ lọ bá Hayashi ní Tokyo ní 1935, tí ara rẹ̀ sì yá, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Takata yìí ló kọ́ ọ lówò. Nígbà ayé rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú awo rẹ, dọ́là 10,000 ló ń kà sílẹ̀. Ọ̀gá 22 ló sì ti yàn kó tó kú ní 1980.

Ó tún pààrọ̀ aṣọ fún ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá Japan jagun kò ní fẹ́ gbọ́ nípa tẹ́ńpìlì. Takata bá ní Kristẹni ni Usui, pé olórí ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ni, pé ó tiẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Chicago. Wọ́n yẹ ìwé Chicago wò títí, wọn kò rí orúkọ rẹ̀. Ibojì ọkùnrin náà wà ní tẹ́ńpìlì Búdà ní Tokyo.

Ọmọ ẹlẹ́sìn Búdà ní Kyoto,
tó di onígbàgbọ́ kó tó gúnlẹ̀ sí Honolulu!
Aríbi-tọ́jà-tẹ́-sí,
tí kì í jẹ́ kí ẹ̀sìn dí òun lọ́wọ́ ìpolówó.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìwọ ti pàdé. Ẹ̀yìn ló ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ló ní kí n lọ dán ọ wò.

“Àǹtí mi, ṣé wọn ò ní fi nǹkan sí mi lára?”

“Wọn ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn ọ́.”

“Kí wá ni mo fẹ́ sanwó fún, mà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò fèsì.

Mo dé ilé rẹ. Àbẹ́là olóòórùn dídùn ń jó, òkúta dídán wà lórí tábìlì, ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri, orin omi tó ń ṣàn ń jáde láti inú àpótí kékeré kan. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ rẹ fún mi ní tíì ewé, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi aṣọ sílẹ̀ sọ́rùn, kí n dùbúlẹ̀. Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí.

Reiki, o láyà o. Orí mi ni o kọ́kọ́ lọ. Ní ilẹ̀ wa, orí kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá ẹni lè gbọ́wọ́ lé e, kó súre. Bàbá ẹni lè ṣe bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ náà lè ṣe é bí ó bá yá. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí “ẹ káàsán”, a máa bi í pé kí ló ń wá lókè níbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà dúró lófuurufú lókè irun mi, kò sọ̀kalẹ̀, kò sì kúrò. Mo dijú, mò ń wí sínú pé: orí mi, má sùn o, ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi “ẹ̀jẹ̀ Jésù” lé e, kí ọ̀nà méjèèjì lè dí.

Láti orí, ó dé ọ̀fun. Láti ọ̀fun, àyà, ikùn, orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀. Omi inú orin ń ṣàn. Tíì tí mo mu náà ń wá ọ̀nà àtijáde. Nígbà tó parí, ó jókòó tì mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ó dà bíi pé agbára mi dí ní ọ̀fun, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ tí n kò tíì sọ. Háà! Láti ìgbà tí omi orin yẹn ti ń ṣàn ni mo ti fẹ́ bi í pé ilé ìtọ̀ wọn dà.

Arínú-róde, olùmọ̀ràn ọkàn!
O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lọ́fun mi,
o ò mọ̀ pé àpòòtọ̀ ló rán an níṣẹ́.

Mo gbọ́ ooru ọwọ́ obìnrin náà o, n kò ní purọ́. Ọwọ́ èèyàn máa ń móoru. Ṣùgbọ́n wọ́n ní agbára kan ń jáde lára ẹni, pé ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè gbọ́ ọ. Mọ̀lẹ́bí rẹ kan tí wọ́n ń pè ní Therapeutic Touch náà sọ bẹ́ẹ̀, títí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Amẹ́ríkà, Emily Rosa, fi ta páálí ìbòjú, tó ní kí àwọn oníṣẹ́ náà, 21 nínú wọn, na ọwọ́ méjèèjì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè ọwọ́ wọn kan, kí wọ́n sọ èwo ni. Nínú ìgbà 280, ìgbà 123 ni wọ́n gbà á. Ẹni tó ń fi owó kọ́bọ̀ ta tété ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn JAMA ti àwọn dókítà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998. Atóbi-má-lè-dán-lẹ́nu-ọmọdé, mo kí ọ kú ewu.

Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí gan-an nìyí. Ẹni tó bá dé ìpele kejì nínú awo rẹ yóò kọ́ àmì kan tí wọ́n fi ń rán ọ la òkun kọjá. Aláìsàn wà ní Toronto, oníṣẹ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ á lọ, ìwọ á bọ̀, o ò ní gba físà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan bá ní òun lè rán nǹkan sí ọ lára láti ìlú òkèèrè, ṣe ni a máa sá fún un, ká lọ wá ẹni tó máa dá a padà. Ìwọ, wọ́n ń ṣe ètò ọjọ́ àti àkókò pẹ̀lú rẹ, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Àránsí-tó-ń-gba-ìdúpẹ́!
Ọmọ awo ilé wa lo ọdún púpọ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ó kọ́ ẹsẹ, ó kọ́ ewé, ó fọ abọ́.
Tìrẹ, Sátidé ló wọlé, ọjọ́ Àìkú ló gba ìwé ẹ̀rí ìpele kìíní.

Àwọn olùwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Cochrane yẹ ọ wò ní 2015 lórí ìdààmú ọkàn, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà kò tó nǹkan. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2009, wọ́n ní o kò bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, o kò sì bá ìgbàgbọ́ mu. Kì í rọrùn kí ènìyàn pàdánù ẹjọ́ ní kóòtù méjèèjì.

Síbẹ̀, mo sùn. Ẹ̀yìn mi ń ro mí bó ṣe ń ro mí, ṣùgbọ́n oorun tí mo sùn lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún mi, ojú rẹ̀ sì wà lára kọ̀ǹpútà. Ìwọ fún mi ní wákàtí kan. O bi mí pé báwo ni ara, o sì dúró kí n dáhùn. Foonu mi wà ní ìta, kò sí ẹni tó ń béèrè owó iléèwé, kò sí ẹni tó ń béèrè owó ilé. Bí pọ́n-ùn 60 tí mo san bá jẹ́ owó orí oorun, kí wọ́n kọ oorun sí ara ilẹ̀kùn, mo lè padà wá. Agbára ayé gbogbo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn sì wọ́n jù fún ẹni tí ẹ̀yìn nìkan ń ro.

Ó tó báyìí, akéwì ti kì ọ́ tán. Ẹ̀bùn mi dà? Má gbé ọwọ́ rẹ dúró lókè orí mi o. Má sì fi ránṣẹ́ láti òkèèrè. Sún mọ́ mi, tutọ́ sí owó, lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí.