Elvis Padà Sẹ́nu Iṣẹ́
Ọdún 1977 ni Elvis Presley, ọba orin rock, wàjà. Ní 2015, wọ́n ní kó wá bá Royal Philharmonic Orchestra kọrin, ó sì kọ ọ́. Wọ́n ṣa ohùn rẹ̀ jáde nínú téèpù àtijọ́ bí ẹni ń ṣa egungun ẹja, wọ́n gbé e lọ sí Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wá fi gòjé rẹpẹtẹ dá agbádá fún orin ìfẹ́ tí bùbá lásán ti tó. Ká sòótọ́, ó rọrùn láti bá ṣiṣẹ́: kò pẹ́ dé, kò bèèrè oúnjẹ. Òkú ò mọ iye a ràgọ̀, kò sì ní mọ iye tí wọ́n ta àwo orin. Ipò kìíní ni àwo náà gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é. Ó tún wá.