Ẹ Bá Mi Kí Aṣílórí

Ìbà ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ kí olówó lè rìn.
Ìbà ẹ̀yin rẹwáyà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi téstà wá iná tó sá lọ.
Ìbà ẹ̀yin fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà, láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Emùré.
Mo júbà tán, ẹ yà fún mi.
Ọlọ́lá kan ló wọ̀lú, mo fẹ́ kí i,
kó má bàa jẹ́ pé èpè nìkan ni yóò máa gbọ́.

Aṣílórí!
Mazda MX-5 ló wà nínú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò kò bèèrè ìwé.
Ọmọ Hiroshima, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ ní Chicago lóṣù kejì ọdún 1989.
Wọ́n wo Lotus Elan ọdún 1962 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó mọ ọ́.
Ìdílé rẹ ga. Ìwọ nìkan ni o kò ga dé èjìká.
A-fúyẹ́-má-tó-tọ́ọ̀nù-kan, ẹlẹ́ńjìnnì 1.6, a-fẹsẹ̀-ẹ̀yìn-ti-ara-rẹ̀-lọ.
Ìjókòó méjì péré: bí ẹnì kẹta bá dé, ó di èrò ọlọ́kadà.
Apá ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972,
ìdí nìyí tí Ọ̀gá, olówó rẹ, fi rà ọ́ láti Amẹ́ríkà, kí sítíárì rẹ lè wà lósì.
Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2016, irú rẹ tí wọ́n ṣe ti pé mílíọ̀nù kan.
Gbogbo wọn mọ̀nà. Ìwọ lo ṣìnà wọ Ìkẹ̀rẹ́.
Àwọn ará Japan tó ṣe ọ́ sọ pé awakọ̀ àtìwọ yóò di ara kan, bí ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin.
Wọn ò purọ́.
Lọ́jọ́ tí o kú sẹ́nu Ọjà Ọba, Ọ̀gá náà kú sórí ìjókòó,
kò lè wojú ẹlẹ́ran, kò lè wojú eléèlùbọ́.

Afikùn-bá-títì-sọ̀rọ̀!
Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ṣàròyé ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tó la Ìkẹ̀rẹ́ kọjá.
Ìwọ kò ṣàròyé rí.
Kòtò kì í ṣe ọ̀tá rẹ, àna rẹ ni: ibi tí ẹ bá ti pàdé, o ti dọ̀bálẹ̀.
Bí ẹ bá dé ibi bọ́ǹpù, Ọ̀gá á sọ̀kalẹ̀,
á ní kí ẹni tó jókòó tì í náà sọ̀kalẹ̀,
kí ikùn rẹ lè kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ayé má gbọ́ ìró irin.
Agbégilódò Emùré á yọ lẹ́yìn, á fọn fèrè, á kọjá,
á da èéfín dúdú sórí ẹ̀yin méjèèjì.
Ọ̀gá tó wọ aṣọ funfun kúrò nílé á dé òde ìnáwó pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ.
Òkè Olósùnta ń wò yín látòkè, kò sọ̀rọ̀.
Ó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan, ó lè fara da èyí náà.

A-rójò-ṣojo!
Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò lọba ní gúúsù Èkìtì.
Kòkó ń mu, iṣu ń mu, ìwọ náà ń mu tìrẹ.
Àwọn tó ṣe ọ́ gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n fi bò ọ́ lórí.
Wọ́n lu ihò méjì sẹ́yìn ìjókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
kí omi tó bá ṣàn láti orí aṣọ gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀,
kó bọ́ sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn.
Abẹ́ igi máńgòrò ni Ọ̀gá ń gbé ọ sí. Ewé kó sínú ihò.
Ọyẹ́ dé, eruku tẹ ewé mọ́lẹ̀.
Òjò dé, omi dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì.
Ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀gá.
Tìmùtìmù rin, kápẹ́ẹ̀tì rin, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ń dípẹtà láti inú wá,
ọ̀dà ara rẹ ṣì ń dán lóde.
Okùn rírọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú, kó má bàa dá rọ́bà inú ihò lu,
òun ni gbogbo egbòogi àrùn yìí.
A ó tì í bọ̀ ọ́, a ó fà á jáde, a ó bu omi díẹ̀ dà á lójú, ó parí.
Ọ̀gá ní ọmọ ẹni iyì kì í tọ́ ihò.
Ó lọ ra pátákó olóòórùn dídùn mẹ́ta, ó fi wọ́n kọ́ díńgí.
Òórùn òdòdó ń bẹ lókè, ọ̀pọ̀lọ́ ń bẹ nísàlẹ̀.

Afi-bátìrì-pamọ́-fólówó!
Lọ́jọ́ tí o kọ̀ láti jí, Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí bátìrì.
Ó figbe ta: wọ́n ti jí bátìrì òun ní èbúté!
Wọ́n pe rẹwáyà kan, ó wòkè, ó wòsàlẹ̀, kò rí i.
Èrò pé jọ. Ìyá alákàrà ní kí wọ́n yẹ abẹ́ ìjókòó wò.
Ọmọ kékeré kan tó ń ṣeré ló ṣí búùtù,
ó gbé bébà kúrò, bátìrì jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀.
Ibẹ̀ ló wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọ́ ní Hiroshima.
Ọ̀gá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn fẹ́ dán wọn wò ni.

A-ṣẹ́jú-kan-sí-ọlọ́pàá!
Iná rẹ méjèèjì ló ń dìde bí alẹ́ bá lẹ́, nígbà tí ara yá.
Ní báyìí ọ̀kan ń jí, ọ̀kan ń sùn.
Kókó kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí a ń fọwọ́ yí,
tí ojú tó kọ̀ yóò fi là, títí rẹwáyà yóò fi dé.
Ọ̀gá kò yí i. Igi rúlà ọmọ ilé ìwé ló fi há a lẹ́nu.

A-mu-omi-kànga-dípò-kúláńtì!
Ike orí rédíétọ̀ rẹ dúdú nígbà tó jẹ́ tuntun.
Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ilẹ̀, gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ pé ó fẹ́ẹ́ ya nìyẹn.
Ọ̀gá ní àwọ̀ náà bá ìjókòó mu.
Bẹ́líìtì táímíǹgì, bó bá ti ń súnmọ́ 100,000 kìlómítà, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀,
a ó sì pààrọ̀ pọ́ńpù omi pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ojú kan náà là ń tú.
Ẹni tó ta ọkọ̀ ti yí mítà sẹ́yìn. Ọ̀gá wo mítà, ó ní ọmọdé ṣì ni ọ́.
Ọ̀gá gbàgbọ́, àwọn àna rẹ̀ gbàgbọ́.
Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò gbàgbọ́.

Aṣílórí, má bínú, n óò kan ìtàn díẹ̀.
Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà,
gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914.
Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, wà lára igi náà,
àwọn ènìyàn gbé e rù, ó ń bọ̀ wá kí Ògògà.
Ilẹ̀kùn yẹn dé ibi ìpàtẹ ní Wembley lọ́dún 1924, British Museum ló wà di òní.
Ohun tí wọ́n fi gbé òyìnbó kò ní táyà, kò ní ẹ́ńjìnnì,
kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ rí, síbẹ̀ ó dé ààfin.
Ìwọ ní gbogbo rẹ̀, a ṣì ń tì ọ́.

Ọ̀kadà náà kò ní òrùlé, òjò kan náà ló ń pa yín.
Ó gbé ìyá kan, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àpò kòkó, ó wọ oko Emùré, ó jáde.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lójú ọ̀nà,
ọlọ́kadà yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ẹnu rẹ̀, ó nu ún, ó dá a padà.
Ìyá náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ tán tí wọ́n fi gbéra.

Mo gbọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ rẹ:
“Ọ̀gá mi, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an?”
Bàbá fẹ́ epo kúrò létè, ó ní:
“Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Olówó rẹ̀ ló ń ṣe é.”

Nítorí náà, ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ gba tiyín.
Olówó-fọ-ọkọ̀-má-yẹ-ọ́ìlì-wò.
A-nu-ríìmù-títí-ó-fi-dán, ẹni tí búréèkì rẹ̀ ti jẹ tán.
Ẹ̀yin tí ẹ ń pe mẹkáníìkì ní olè lówùúrọ̀,
tí ẹ ń pè é ní bàbá lálẹ́, lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti tán.
Ihò yín á là. Kúláńtì yín kò ní gbẹ.
Bẹ́líìtì yín kò ní já kí ẹ tó rántí rẹ̀.
Ẹ kò ní torí owó okùn san owó pánẹ́lì bítà.

Mo rí owó tí ẹ lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, ẹ ṣeun, bàbá.
Ẹ ní kí n wọlé kí ẹ gbé mi délé?
Ọlá yín tóbi jù fún mi, ojú ọ̀run sì ti ṣú láti ọ̀nà Àkúrẹ́.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ọwọ́ sí ọlọ́kadà yẹn.